Aṣọ Àgbàbọ̀ Tí A Wọ̀ fún Sẹ́ńtà Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ti ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kí ni kí n kí yín? Tí n bá ní kí n dúró dìgbà tí ilé yìí máa dákẹ́ kí n tó kọ̀wé, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́ nìyẹn. Túndé ti gba bírò lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi họ ògiri tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹ ò mọ Túndé o. Àkọ́bí mi ni, ẹ̀yìn tí ẹ lọ ni mo bí i, Babátúndé ni gbogbo ẹbí sì sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò mi sílẹ̀.

Oyún kejì ti wà nínú mi báyìí, oṣù ẹ̀ sì ti ń pé lọ. Mi ò lè jókòó pẹ́, mi ò lè dúró pẹ́. Mo máa ń rìn láti inú yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí géètì, mo tún máa ń padà, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Bàbá Túndé ní kí n jókòó, pé mò ń fi ìrìn da ilé rú. Ó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Alábà, ó ti mọ́ ọn lára láti tú ẹ̀yìn nǹkan wò kó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi ò ní ẹ̀yìn tó ṣe é tú. Ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sí yín, bóyá ara mi á rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tí inú yín máa dùn sí. Àwọn ṣọ́jà ti lọ. Wọ́n ti lọ, a sì ti dìbò. Nígbà tí ẹ wà, ẹnì kan ṣá ni wọ́n máa ń gbé wá jókòó sí káńsù, a ò mọ ọjọ́ tó dé, a ò mọ ọjọ́ tó lọ, mọ́tò ẹ̀ nìkan la máa ń rí. Ní báyìí, alága tí a dìbò fún wà níbẹ̀, kánsílọ̀ náà wà. Kánsílọ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn tó máa ń wá ra ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù yín ni, tí ẹ máa ń lé padà pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ná. Ó ti ń wọ agbádá báyìí. Ó ṣì ń kí èèyàn ní ìdúró, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí a dìbò tán ni àwọn òyìnbó dé. Kì í ṣe àwọn tó ń wa epo o. Àwọn wọ̀nyí ní ìjọba ìlú àwọn ló rán àwọn wá láti ran káńsù lọ́wọ́, pé ìjọba alágbádá wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, kó má baà ṣubú kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ káńsù kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n tó náwó ará àdúgbò, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ará àdúgbò léèrè. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́. Ṣé torí ìyẹn lèèyàn ṣe ń wọ bàálù? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni láti káńsù bi ẹ̀yin léèrè nǹkan kan, àfi rìsíìtì owó-orí.

Wọ́n ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú aṣojú wá, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Múfú, ọ̀rẹ́ yín bírikìlà tí ẹ jọ ti Ìlaròó wá sí Èkó, òun ni alága àwọn lánlọ́ọ̀dù báyìí. Òun ló fi mí sí i. Ó ní, "Ìyá Túndé, ìwọ lo níwèé mẹ́wàá láàárín àwọn obìnrin wa. Imú làwọn èèyàn yìí fi ń sọ̀rọ̀, ìwọ ni wàá máa bá wa gbọ́ ọ."

Mo ní, "Bàbá, wọ́n á mú ògbufọ̀ wá."

"Ògbufọ̀ tiwọn nìyẹn. Tiwa ńkọ́?"

Báyìí ni mo ṣe di aṣojú obìnrin, tèmi ti ikùn níwájú.

Ohun tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń dù ni sẹ́ńtà ìlera. Àwọn òyìnbó ní àwọn á mú díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ńtà tó wà lábẹ́ káńsù, àwọn tí ipò wọn burú jù, àwọn á tún wọn ṣe: omi á wà, iná á wà, fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí á wà, káńsù á sì fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. Ẹ mọ sẹ́ńtà tiwa, lẹ́yìn Ìyànà Ìbà, ẹ̀yin lẹ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló ṣì dúró dáadáa. Òrùlé ń jò. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ò da omi láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ ló máa gbé omi wá nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á gbé àtùpà wá, wọ́n á mú bẹ́ẹ̀díṣíìtì wá látilé. Ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńtà níbẹ̀ ò ju Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Bàbá mi, mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí mo bí Túndé, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ń wo àjà, àjà ń lọ sókè, ó ń jìnnà sí mi. Obìnrin yẹn gun orí bẹ́ẹ̀dì bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn mi, ó ń pe orúkọ tí ẹ sọ mí, ó ní tí mo bá lọ, òun ò ní dárí jì mí láyé, òun ò ní dárí jì mí lọ́run. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ìdí nìyí tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ sí oyún yìí. Kì í ṣe ilé yẹn ni mo fẹ́. Òun ni mo fẹ́. Tí n bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí òrùlé máa jò lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, Kánsílọ̀ ní àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá wo sẹ́ńtà fúnra wọn. Àlejò ń bọ̀. Ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ń ṣe fún wa. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, kò sẹ́ni tó pèpàdé. Ṣe ni gbogbo àdúgbò dìde. Wọ́n ro koríko, wọ́n gbálẹ̀ dé ojú títì. Bàbá Múfú gun òrùlé t'òun t'ọjọ́ orí ẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú dí ibi tó ń jò. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri iwájú, iwájú nìkan. Wọ́n ra omi tánkà, wọ́n rọ ọ́ kún dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n lọ yá jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ràṣí tó ń ta mínírà ní Ìyànà Ìbà gbé fíríìjì ẹ̀ wá lórí ọmọlanke. Àwọn obìnrin kó bẹ́ẹ̀díṣíìtì wá. Èmi mú èyí tí mi ò tẹ́ rí àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Inú wa dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú wa dùn. À ń ṣiṣẹ́, à ń pa ara wa lẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ràṣí, ṣé o ti kó mínírà ẹ kúrò nínú fíríìjì?"

"Mo ti kó o. Ó ku ìwọ̀nba tí àlejò máa mu."

"Ìwọ yìí, o ò ní tajà fún wọn ṣá?"

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé wọlé ni?" Bàbá Múfú dá a lóhùn látorí òrùlé, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò yẹ kí àlejò bá èèyàn níhòòhò."

Wọ́n dé. Òyìnbó obìnrin kan ló ṣáájú, irun ẹ̀ ti funfun, ó wọ bàtà bíi tẹni tó fẹ́ lọ oko. Ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan ló ń túmọ̀ fún un. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó tan iná, iná tàn. Ó ṣí fíríìjì. Bàbá mi, ìgò mọ́ọ̀tì ló tò síbẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n ń làágùn. Kí ó tó béèrè nǹkan kan, Ìyá Ràṣí ti sáré mú ọ̀kan, ó ti ṣí i fún un. Obìnrin náà mu ún, ó dúpẹ́.

Ó wá ní kí ọmọ Ẹ̀gbá bi wá pé kí ni ìṣòro wa níbí. Àwọn obìnrin ń wo Bàbá Múfú, Bàbá Múfú ń wo fìlà tó mú lọ́wọ́. Ó wá wúkọ́, ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún ìyá pé a dúpẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Kò sí ìṣòro kankan. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá tún rí ṣe fún wa, a ò ní kọ̀ ọ́." Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ní a dúpẹ́. Èmi náà ní a dúpẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni mo tiẹ̀ fi sọ ọ́. Ṣebí ohun tí ẹ kọ́ wa nìyẹn. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.

Kò pẹ́ sígbà náà, Kánsílọ̀ pè wá jọ sí iwájú sẹ́ńtà. Kò wọ agbádá lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, sẹ́ńtà wa yege."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ó yege jù. Wọ́n ní nínú gbogbo èyí tí àwọn wò, tiwa ló dára jù. Wọ́n ní kí ìrànwọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jìyà."

Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí tiwa ti dúró gbọin báyìí, káńsù fẹ́ mú Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ lọ sí sẹ́ńtà mìíràn tí ò ní nọ́ọ̀sì rárá. Ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n á máa rán wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá ibi jókòó, orí bulọ́ọ̀kù kan ni mo jókòó sí. Ibẹ̀ ni Ìyá Ràṣí ti ní, "Mọ́ọ̀tì mi tó mu ńkọ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Wọ́n ní òyìnbó ló jẹ̀bi, pé ta ló ń wọ ilé onílé tí kì í bojú wẹ̀yìn? Ògiri tí wọ́n kun iwájú ẹ̀ nìkan, ṣé kò ní ẹ̀yìn ni? Tó bá ṣe pé ọmọ ilẹ̀ yìí ló wá, tó gbọ́ bí Bàbá Múfú ṣe ń dúpẹ́ kíkankíkan yẹn, ó ti máa mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. A sọ ààbọ̀ fún òyìnbó, ó kọ ààbọ̀ sílẹ̀, ó gbé e lọ.

Èmi ò lè bínú sí i. Ẹ̀yin ni mò ń rò.

Mò ń rántí àwọn ọjọ́ tí ọbẹ̀ ò sí nílé, tí ẹ máa jáde sórí bẹ́ńṣì iwájú ilé lọ́wọ́ alẹ́, ẹ máa fi igi ìṣáná tayín, ẹ máa na ẹsẹ̀, ẹ máa gùnfẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Káfíńtà, ẹran yẹn pọ̀ o." Ẹ ó ní, "A dúpẹ́." Àwa ọmọ máa wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀kọ mímu nìkan ló wà níkùn wa, a máa fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má gbọ́ ẹ̀rín wa. Mo fi yín yangàn nígbà náà. Mo ṣì ń fi yín yangàn, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le fún mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún ń rántí ọ́sípítù. Dókítà kékeré yẹn ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo jókòó tì yín. Ó ní, "Bàbá, báwo lara?" Ẹ̀yin tí àyà ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara yín dìde, ẹ ní, "Ara le, dókítà. A dúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́." Ẹ tún bi í léèrè àwọn ọmọ ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín sí yín, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n já yín nírọ́ lójú yín? Ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ ni, àbí ẹ rò pé ọmọ yẹn á gbọ́ ààbọ̀ tó kù fúnra ẹ̀? Mo ti bi yín ní ìbéèrè yìí nígbà tí mò ń fọṣọ, mo ti bi yín níbi tí mo ti ń wọ mọ́tò. Ẹ kì í dá mi lóhùn.

Òfin kan wà tí àwọn òyìnbó ní kí káńsù gbà: ìpinnu kankan ò tíì dúró àfi tí wọ́n bá kà á síta ní gbọ̀ngàn káńsù lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ ọ́. Ibẹ̀ nìkan ló kù fún wa. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo lọ bá Bàbá Múfú nílé. Ó ń fọ síbí tó fi ń rẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde nítorí ikùn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún wọn níbẹ̀."

"Òótọ́ wo? Pé fíríìjì Ìyá Ràṣí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí n dìde lójú àwọn ará wọ́ọ̀dù Òkókómáíkò tí a jọ ń du ìrànwọ́ yìí, kí n ní èmi àgbàlagbà fi irọ́ gba àlejò?"

"Ẹ ò purọ́, sà. Ẹ yẹ́ àlejò sí ni."

"Kí lo wá fẹ́ tú síta?" Ó gbé síbí sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá ẹ ò lè ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe yìí láéláé. Káfíńtà á kúkú kú kó tó sọ fún àjèjì pé nǹkan ń dun òun."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì kú."

Bàbá mi, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ó wò mí, ó wá yíjú sí síbí ẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohun tó ti mọ́. Òun ló dúró ní ipò yín lọ́jọ́ tí a kó Túndé jáde, òun ló gbé e, òun ló fún un lórúkọ. Bí mo ṣe ń rìn padà sílé, mò ń bi ara mi pé ta ló máa gbé ti inú yìí.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún, fáànù ń yí, kò tu ẹnikẹ́ni lára. Òyìnbó onírun funfun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ Ẹ̀gbá wà létí ẹ̀. Bàbá Múfú wà lọ́wọ́ iwájú, èmi wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn fìlà ẹ̀ ni mò ń wò. Akọ̀wé ń ka wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka tiwa tán, alága káńsù ní ṣé a lọ́rọ̀ láti sọ. Mo dúró de Bàbá Múfú. Kò mira. Mo dìde, ikùn mi ti àga iwájú, àga ṣubú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní, "Ìyá ìbejì, ẹ rọra o, a ṣì fẹ́ lo gbọ̀ngàn."

Fíríìjì ló wà lẹ́nu mi. Ìyá Ràṣí, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà iwájú, gbogbo ẹ̀ ni mo ti tò sẹ́nu. Mo wá rí i tí ọrùn bàbá náà sún sínú agbádá ẹ̀ bíi ti ẹni tó ń retí kí nǹkan bà á. Mi ò lè sọ gbogbo ẹ̀ lù ú. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Àwa ò bá ìpinnu yín jà. Ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Ẹ wá kí wa lọ́jọ́ tí a mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wá lọ́jọ́ tí a ò mọ̀. Ẹ má sọ fún Kánsílọ̀, ẹ má sọ fún èmi náà. Kẹ́ ẹ sì máa mú omi mímu yín bọ̀ látilé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Òkókómáíkò, ó wá gba gbogbo gbọ̀ngàn. Bàbá arúgbó kan láti wọ́ọ̀dù tiwọn dìde, ó ń nu ojú ẹ̀, ó ní, "Tiwa náà o. Ẹ wá lọ́jọ́ tí a ò mọ̀." Ẹlòmíràn tún dìde. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan la yá fíríìjì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ń túmọ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Òyìnbó náà dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, ó ń wò mí. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ yẹn fi là á yé e: pé níbí, tí wọ́n bá ti ní a dúpẹ́, kéèyàn jókòó, kó tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Alága ní kí wọ́n dá gbogbo ìpinnu dúró ná.

Ọjọ́ tí wọ́n wá, òjò ń rọ̀. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ṣú bí ilẹ̀ tó ti ṣú. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé ọjọ́ tí mo máa ń lọ yẹ ikùn wò ni. Ọ̀dà dúdú tí Bàbá Múfú fi dí òrùlé ti là, omi ń kán sínú abọ́. Fíríìjì ti padà sí Ìyànà Ìbà. Fóòmù lásán ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin kan ń rọbí níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ ti rán ẹ̀gbọ́n aboyún náà lọ ra píọ̀ wọ́tà kí òun lè fọwọ́, ó di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́nu bí ẹ ṣe máa ń fi ẹnu di ìṣó mú tí ẹ bá... Ẹ wò ó, Túndé ló fà mí lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ mọ́. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́nu ṣá. Òyìnbó náà wọlé, òjò ti pa á. Kò sẹ́ni tó gbé àga fún un, kò sí mọ́ọ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí, ó fẹ́ béèrè nǹkan, Nọ́ọ̀sì yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó nà án sí i, ó ní, "Ẹ bá mi di èyí mú ná, kẹ́ ẹ tanná síbí." Ọmọ Ẹ̀gbá ò tíì túmọ̀ tí obìnrin náà fi gbà á. Ó dì í mú títí ọmọ fi dé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìṣòro kankan lọ́jọ́ yẹn.

Káńsù ti wá ní Nọ́ọ̀sì ò ní lọ mọ́. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, n kò tíì fọkàn tán an. Ìrànwọ́ náà ń bọ̀, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọmọ mi á ti dé kó tó dé. Mo tún ń rò ó pé ọjọ́ tí àwọn òyìnbó yìí bá kó ẹrù wọn lọ, ṣé káńsù á ṣì máa bi wá? Àwa náà, tí wọ́n bá bi wá, ṣé a máa sọ? Bàbá Túndé ní mo máa ń ṣọdẹ wàhálà tí ò tíì dé. Bóyá lóòótọ́ ni. Láti ọjọ́ gbọ̀ngàn, Bàbá Múfú ò wá sílé wa. Tí mo bá kí i lójú ọ̀nà, á ní "o káre", á kọjá. Ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn, ẹ dúró dè mí.

Mo ti dé. Òun ni. Òun ló kan ilẹ̀kùn.

Ó dúró síta, kò wọlé. Ó wo ikùn mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá Túndé, ṣé ara le?"

A dúpẹ́, sà, ti dé orí ahọ́n mi. Mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu, ó dùn ún sọ. Mo ní, "Kò le, sà. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́sí ni mò ń rò, ẹ̀rù ń bà mí."

Kò mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù fún lójijì. Ó wá bọ́ bàtà ẹ̀, ó wọlé, ó fi ọwọ́ ti ògiri kó tó lè jókòó. Ó ní, "Orúnkún mi yìí, láti ọjọ́ òrùlé yẹn, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gbé omi kaná fún un. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti sùn lọ lórí àga, ó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè, tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná wà lórí orúnkún. Túndé ń wò ó, òun náà dákẹ́. Èmi jókòó tì wọ́n, mi ò sì tíì dìde láti ìgbà yẹn.

Tówẹ́ẹ̀lì yẹn á ti tutù, ẹ jẹ́ kí n lọ rì í sómi gbígbóná.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín lónìí bó ṣe fẹ́ràn yín lẹ́yìn kọ́tìnì.